Ọkọ̀ àlòkù tó máa tu ìyá mi lára, owó ọwọ́ mi ò ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ

Àbíkẹ́yìn Bàrígà

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n má baà fi owó àjọ ọdún mẹ́ta ra wàhálà.

Ìyá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Orúnkún méjèèjì ń dùn wọ́n, ìbàdí náà kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù la máa ń kúrò ní Bàrígà lọ sílé ìwòsàn ní Ìdí-Àràbà, dáńfó ò sì ṣeé wọ̀ fún wọn mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kọ̀ńdọ́ ń pariwo pé ká wọlé kíá, ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kó tó wọ inú ọkọ̀. Mo gbọ́ bí orúnkún yẹn ṣe ró. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn di èjìká mi mú títí a fi dé Fádèyí.

Owó tó wà lọ́wọ́ mi jẹ́ ₦4,000,000. Èmi náà á máa fi ọkọ̀ yìí lọ síbi iṣẹ́ ní Marina, torí náà ojoojúmọ́ ni màá máa gba Third Mainland. Ọkàn mi wà lára Honda Accord tí wọ́n ń pè ní Evil Spirit, tàbí Toyota Camry tí wọ́n ń pè ní Muscle, torí ìjókòó wọn fẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọkọ̀, ṣé owó yìí á ká a?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Àǹtí, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Camry Big Daddy ni kí ẹ lọ rà, àwọn tó jáde láàárín 2002 sí 2006. Ó ti di ọdún mẹ́fà tí mo ti ń lo tèmi, Ìdúmọ̀tà sí Kẹ́tu, kò já mi kulẹ̀ rí. Inú ẹ̀ gbòòrò, ó sì máa ń rọra lọ.

Mẹkáníìkì Múṣin

Àǹtí Bàrígà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín: nínú mílíọ̀nù mẹ́rin yẹn, èló lẹ yọ sọ́tọ̀ fún àtúnṣe? Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ mi lọ́jọ́ kejì tí wọ́n rà á tí kò béèrè owó. Ẹ fi mílíọ̀nù mẹ́ta àti díẹ̀ sọ́kàn gẹ́gẹ́ bí owó ọkọ̀, kí ìyókù wà nílẹ̀ de ẹsẹ̀ ọkọ̀ (ṣọ́ọ̀kì àti àwọn rọ́bà abẹ́ ọkọ̀ tó ń gba kòtò mọ́ra), taya àti éésì.

Camry Muscle tó ń lo ẹ́ńjìnnì 2.4, àgàgà 2007 sí 2009, ní àrùn ọ́ìlì jíjẹ. 2AZ-FE lorúkọ ẹ́ńjìnnì yẹn. Ríìngì písítìn rẹ̀ kì í di ọ́ìlì mú dáadáa, Toyota fúnra wọn sì gbà bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó fẹ́ tà á á ti da ọ́ìlì kún un láàárọ̀ kí ẹ tó dé, ẹ ò ní mọ̀ àfi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní iye tí ẹ dárúkọ yìí, àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń yára mú jáde. Evil Spirit tí wọ́n máa tà fún yín ní mílíọ̀nù mẹ́rin, wọ́n ti fi ṣe kábúkábú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀dà tuntun tàn yín.

Ohun tó ń tu ara nínú ọkọ̀ ò ju mẹ́ta lọ: ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó pé, éésì tó ń tutù nígbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan, àti ìjókòó tí fóòmù rẹ̀ kò tíì wọlẹ̀. Corolla 2005 tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dáa á gbé Màmá rọra ju Accord tí bọ́ọ̀ṣìn rẹ̀, ìyẹn rọ́bà abẹ́ ọkọ̀, ti jẹ tán lọ.

Bí ẹ bá lọ wo ọkọ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ igun iwájú rẹ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ lójijì. Ó yẹ kó gòkè lẹ́ẹ̀kan kó dúró. Bó bá tún ń jó sókè sódò, ṣọ́ọ̀kì ti kú. Lẹ́yìn náà ẹ wá títì tó ní kòtò, ẹ pa rédíò, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, ẹ rọra wà á. Kó-kó-kó wẹ́wẹ́ níwájú, línkì ni, owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Gbì! kan ṣoṣo nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì tàbí tí jíà bá wọlé, ẹ́ńjìn síìtì (rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé) tàbí bọ́ọ̀ṣìn ńlá ni, ẹ fi ìyẹn dúnàádúrà.

Ìyá Ìbejì Súrùlérè

Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, orúnkún ni ọmọ yìí ń sọ.

Àbúrò mi, mo ti kọjá níbi tó o wà yìí. Accord la rà nígbà tí ìyá ọkọ mi ń bẹ lọ́dọ̀ wa. Ọkọ̀ náà dùn ún wò, ó ń sáré, ṣùgbọ́n ó relẹ̀. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ kan ní Àgúdà, Màmá jókòó, wọ́n ò lè dìde mọ́. Ọmọkùnrin méjì ló fà wọ́n jáde níṣojú gbogbo ènìyàn. Wọ́n rẹ́rìn-ín lójú agbo, ṣùgbọ́n nígbà tá a délé, wọ́n ní àwọn ò bá wa jáde mọ́.

Ẹni tí orúnkún ń dùn ò fẹ́ ọkọ̀ tó relẹ̀, kò sì fẹ́ jíìpù tó ga tó máa gun bí àkàbà. Ibi tí ìjókòó ọkọ̀ ti ṣe déédéé ìdí ló fẹ́. Kí wọ́n kẹ̀yìn sí ọkọ̀, kí ìdí kọ́kọ́ bà lórí ìjókòó, lẹ́yìn náà kí wọ́n yí ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé pa pọ̀. Toyota Matrix ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa. 2004 ni tiwa, mo ṣì ń wà á di òní.

Sienna náà dáa fún àgbàlagbà, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sẹ́ni tó máa tẹ̀ kó tó wọlé. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì V6, onísílíńdà mẹ́fà tó ń mu epo, ló ń gbé e. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nǹkan bíi ₦185 là ń ra lítà epo kan. Nígbà tó máa fi di oṣù Keje ọdún kan náà, ó ti di ₦617, a sì mọ ibi tó gòkè dé lẹ́yìn ìyẹn. Ìwọ tó ń lọ Marina lójoojúmọ́, Sienna á jẹ owó oògùn Màmá.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ni pé kó o mú Màmá dání lọ wo ọkọ̀. Má ra ọkọ̀ fún wọn lẹ́yìn wọn.

Mẹkáníìkì Múṣin

Ìyá Ìbejì, ẹ ti bá mi sọ ọ́ tán. Matrix dáa. Ẹ jẹ́ kí n fi ìbejì rẹ̀ kún un: Pontiac Vibe. Matrix àti Vibe 2003 sí 2008, ara ìran Corolla ni àwọn méjèèjì, ẹ́ńjìnnì 1.8 ti Toyota, 1ZZ-FE, kan náà tó wà nínú Corolla ọdún wọ̀nyẹn, ló wà níbẹ̀. Orúkọ ló yàtọ̀, àti ojú iwájú. Torí pé General Motors (GM), ilé iṣẹ́ tó ni Pontiac, ti pa orúkọ náà rẹ́ láti 2010, ẹ̀rù ń ba àwọn tó ń ra ọkọ̀, wọ́n rò pé kò ní ní pátì. Ládípọ̀ kún fún pátì ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ẹ ṣáà ti sọ pé Corolla. Ohun tó lè fún yín ní wàhálà díẹ̀ ni báńpà àti iná iwájú, ẹ wò ó dáadáa pé kò fọ́ kí ẹ tó sanwó.

Ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n kọ XRS tàbí GT sí lẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì àwọn yẹn yàtọ̀, eré ni wọ́n ṣe é fún, pátì rẹ̀ ò sì wọ́pọ̀.

Kí ẹ má baà sọ pé mi ò sọ fún yín, ariwo taya ń wọlé nínú wọn ju ti Camry lọ. Wọn ò dákẹ́ lórí ọ̀nà márosẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́, àmọ́ ọjọ́ tí Àǹtí bá fẹ́ tà á ńkọ́? Camry, kí ẹ tó pe ẹnì kan, ẹni mẹ́ta á ti dé. Ta ló máa ra Vibe lọ́wọ́ wọn?

Àbíkẹ́yìn Bàrígà

Bọ̀dá Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ ṣé. Bí mo bá rí ọkọ̀ tí ìyá mi lè wọ̀ fúnra wọn, mi ò ní tà á. Ohun tí ẹ sọ yẹn gan-an ló jẹ́ kí owó rẹ̀ wálẹ̀ sí tèmi.

Bàbá Rewáyà, Yábàá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti éésì àti wáyà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rẹ́ àti obìnrin àti ọkùnrin jẹ.

Wọ́n á tan éésì fún yín ní aago mẹ́jọ àárọ̀, atẹ́gùn tútù á jáde, ẹ ó ní ó dáa. Aago kan ọ̀sán ni kí ẹ lọ, nígbà tí oòrùn bá wà lórí. Ẹ tan éésì, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró sójú kan pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ jókòó sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Adékúnlé. Éésì tó bá ń tutù nígbà tí ọkọ̀ ń sáré tó sì ń gbóná nígbà tó dúró, fáànù tàbí kọ́ńdẹ́ńsà ló ń ṣe é, ìyẹn ṣeé tún ṣe. Bí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bá ń ké, owó gidi nìyẹn. Bí wọ́n bá sọ pé "gáàsì ló kù", ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi gáàsì sí i kí ẹ tó sanwó. Gáàsì kì í tán lásán, ibi kan ló ń jò. Ojú kan náà ni kí ẹ fi wo ìka ooru ẹ́ńjìnnì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kò gbọdọ̀ kọjá ìdajì.

Èkejì ni ọkọ̀ tí omi ti mu. Ẹ̀kún omi gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní Houston lọ́dún 2017, ìyẹn ìjì Harvey, ṣùgbọ́n ẹ má rò ó lọ sí òkè òkun nìkan, òjò tí ń rọ̀ ní Lẹ́kkí náà ń mu ọkọ̀. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi lọ́fínńdà sí i. Ohun tí wọn kì í rántí fọ̀ ni bẹ́líìtì ìjókòó. Ẹ fà á jáde títí tó fi tán, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó máa ń wà ní kíká. Bí ẹ bá rí ìlà amọ̀ níbẹ̀, ẹ dìde kí ẹ máa lọ. Ẹ tún fi ọwọ́ kan irin abẹ́ ìjókòó. Ìpẹtà tó bá wà níbẹ̀, omi ló gbé e dé ibẹ̀.

Aláàánú Agége

Ìwé o, ẹ̀yin ará. Ọdún tó kọjá, mo ra Corolla lọ́wọ́ alágbàtà kan, ọkọ̀ dáa, owó dáa. Oṣù kejì, ẹnì kan dá mi dúró ní Ìyànà Ìpájà pé òun ló ni ọkọ̀, òun ní kí alágbàtà bá òun tà á ni, òun ò sì rí kọ́bọ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ọkọ̀ fi wà ní àgọ́ ọlọ́pàá kí ọ̀rọ̀ tó yanjú, n kò sun oorun gidi ní gbogbo àkókò náà.

Torí náà, ẹ ní láti rí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé lójúkojú, kí ẹ wo káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì san owó sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ẹ béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Láti oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀, ọkọ̀ tó bá gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé lẹ́yìn ìgbà náà láìsan nǹkan kan, kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú títì. Ẹ ka owó ìyípadà orúkọ mọ́ ọn, àti insurance third party tó ti di ₦15,000 láti 2023.

Mẹkáníìkì Múṣin

Aláàánú, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á dá gbogbo ẹ̀ padà.

Àǹtí, mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un. Ẹ kọ VIN ọkọ̀ sílẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú ní apá dírẹ́bà. Ẹ ka dé orí ìkẹwàá: 3 ni 2003, 4 ni 2004, bẹ́ẹ̀ títí dé 9, A ni 2010. Bí wọ́n bá ní 2007 ni, tí ìkẹwàá sì jẹ́ 4, ọdún mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ tà fún yín lófìfo.

Nọ́ńbà yẹn náà ni kí ẹ tẹ̀ sí ojú òpó NHTSA, àjọ ààbò ojú ọ̀nà ti ìjọba Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni. Á sọ ohun tí ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n wá tún ṣe tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe. Corolla àti Matrix 2005 sí 2008 wà lára èyí tí wọ́n pè padà lọ́dún 2010 torí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì tó lè mú kí ọkọ̀ kú lójú ọ̀nà. Èyí tó le jù ni airbag (àpò tó ń wú nígbà ìjàǹbá) tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe, ní iwájú, apá èrò. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń ba kẹ́míkà inú rẹ̀ jẹ́, bó bá sì bú, irin ló ń fọ́n sí ènìyàn. Ẹ̀yin náà ẹ wo ojú ọjọ́ Èkó.

Àbíkẹ́yìn Bàrígà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti rà á! Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Àkọ́kọ́, Matrix kan ní ọjà ọkọ̀ Bẹ́gà, ọ̀nà Oṣòdì sí Àpápá. Ó ń dán bí awò. Mo jókòó, mo fa bẹ́líìtì gẹ́gẹ́ bí Bàbá Rewáyà ṣe wí. Ó jáde dúdú, ó jáde dúdú, nígbà tó ku díẹ̀ kó tán, mo rí ìlà pupa rúsúrúsú kan tó là á já bí ìgbà tí wọ́n fi rúlà fà á. Ẹni tó ń tà á ní ọmọdé ló da ẹlẹ́ridòdò sí i. Mo dúpẹ́, mo bọ́ sílẹ̀.

Èkejì wà ní Òjòdú, ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ó kù díẹ̀ kí n rà á. Aago méjì ọ̀sán la tan éésì, ní ìṣẹ́jú ogún atẹ́gùn rẹ̀ di ti ojú ààrò, ìka ooru sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè.

Ẹ̀kẹta ni Vibe 2005 ní Gbàgádà, ọwọ́ tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbé ìwé ẹ́kísásáìsì kan jáde, gbogbo ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì láti ọdún mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ọjọ́, máìlì, iye tí wọ́n san. Ìkẹwàá VIN jẹ́ 5. Orúkọ wọn ló wà lórí ìwé. Wọ́n pe ₦3,600,000, a sì parí ẹ̀ sí ₦3,250,000.

Mo mú Màmá dání. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo sọ fún wọn bí Ìyá Ìbejì ṣe ní kí wọ́n ṣe. Wọ́n kẹ̀yìn sí ọkọ̀, wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn wá ìjókòó, ìdí bà, wọ́n sinmi díẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ òsì wọlé, wọ́n gbé ọ̀tún. Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé ó ti parí náà nìyẹn?" Bàbá tíṣà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ojú tèmi ti kún fún omi.

Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì, wọ́n ti bá mi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀: ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì, línkì iwájú, ẹ́ńjìn síìtì kan. Pátì àti iṣẹ́ jẹ́ ₦240,000. Kó-kó-kó yẹn ti lọ. NHTSA ní airbag èrò iwájú nìkan ló ṣẹ́kù tí wọn ò tíì ṣe. Kí ni kí n ṣe sí i?

Mẹkáníìkì Múṣin

Àǹtí, ẹ kú oríire! Ẹ ó lò ó pẹ́ o.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín títí wọn ó fi pààrọ̀ airbag yẹn. Ẹ má sì gbà kí wọ́n ra ti ọkọ̀ tí wọ́n ti tú palẹ̀ fún yín, àrùn kan náà lè wà nínú ẹ̀. Ẹ lọ béèrè lọ́dọ̀ àwọn aṣojú GM tàbí Toyota, ẹ mú VIN dání. Ẹ̀yìn ni kí Màmá máa jókòó.

Ẹ máa fa ìwọ̀n ọ́ìlì wò ní àràárọ̀ Sátidé kí ẹ tó tan ọkọ̀. Bó bá ń dín, ẹ pè mí.

Ìyá Ìbejì Súrùlérè

Mo yọ̀ mọ́ ọ gan-an, àbúrò mi. Bá mi kí Màmá. Wá tìmùtìmù fẹ́lẹ́ kan sí ẹ̀yìn ìbàdí wọn, èyí tí kò ní tì wọ́n síwájú.

Àbíkẹ́yìn Bàrígà

Ẹ ṣeun, Àǹtí mi. Màmá ní kí n kí gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ́kọ́ ní iwájú làwọn fẹ́ wà kí àwọn lè máa wo ọ̀nà, mo ṣàlàyé ti airbag, wọ́n gbà. Ọjọ́bọ̀ la ń lọ sí Ìdí-Àràbà. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi láti àná pé mi ò gbọdọ̀ yí éésì kọjá nọ́ńbà kejì, àti pé àwọn á wọ súwẹ́tà bó ti wù kó rí.